Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn ìwòran wa ní Ọ̀fà: ẹ dá alẹ́ Ọjọ́rú wa padà

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó gbọ̀ngàn ìwòran àdúgbò wa, Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ẹ̀yin àgbà mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú wàhálà jẹnẹrétọ̀. Mo ti dìde báyìí, torí ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá kì í ṣe èyí tí mo lè sọ lórí ìkúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo rán ọmọ iṣẹ́ mi kan ní òwú dúdú. Ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì padà dé lọ́wọ́ òfo. Ìwé kan tí ẹ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ló dúró kà tó fi gbàgbé òwú. Èmi náà bọ́ sí ọ̀nà, mo lọ kà á. Ẹ ní láti oṣù tó ń bọ̀, kò ní sí fíìmù alẹ́ Ọjọ́rú mọ́. Ẹ ní bọ́ọ̀lù àti fíìmù àkíṣọ̀n nìkan ló kù. Ẹ ní oorun ló máa ń kun àwọn èèyàn nídìí fíìmù alẹ́ Ọjọ́rú, wọn kì í rí ọ̀rọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀ kà, kò sì mówó wọlé. Ẹ wá fi gbólóhùn kan dé e lórí: "Àkíṣọ̀n ni ará ìlú ń fẹ́." Òǹtẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi ará ìlú ò mọ ìgbà tí ẹ bi mí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí láti ibòmíràn: alẹ́ Ọjọ́rú, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Àlàárùbá, ni gbọ̀ngàn wa máa ń gbé fíìmù tí ẹ ò ní rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta dísíìkì lọ́jà Owódé jáde. Ti Sẹ̀nẹ̀gà, ti Jàpáàn, ti Ítálì, ti Kòríà, àti àwọn sinimá Yorùbá ayé àtijọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní Pólì ló ń wá wọn kiri, kò sì gba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ni a máa ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó di aago mọ́kànlá, oníkálùkù ti wà nílé rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ mi.

1. Ọmọ àkíṣọ̀n ni èmi fúnra mi.

Mo fi èyí ṣíwájú kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ìyá télọ̀ kan ń ṣe bí òyìnbó. Bọ̀dá mi àgbà ló kọ́kọ́ mú mi dé ilé fídíò, nítòsí ilé reluwé, nígbà tí mi ò tíì wọ sẹ́kọ́ńdírì. Orí bẹ́ǹṣì ni a ń jókòó sí. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lókè, fídíò tó ń jẹ kásẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ rẹ̀. Bruce Lee ni a lọ wò. Nígbà tó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀, ilé dàrú. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọkùnrin náà ti kú ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1973, lọ́mọ ọdún 32, kí Enter the Dragon tí a ń wò yẹn tó jáde rárá. Àwa ń pariwo kìlọ̀ fún un pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Látìgbà náà ni mo ti mọ òfin fíìmù àkíṣọ̀n bí mo ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń gé bùbá. Áktọ̀, akọni inú eré, kì í kú. Bọ́ọ̀sì, ọ̀gá àwọn ọ̀daràn, ló máa ń kú gbẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ áktọ̀ tó bá ti ń mú fọ́tò ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ jáde, ẹ máa kí i pé ó dìgbóṣe. Nínú Commando, ọdún 1985, Arnold Schwarzenegger nìkan ló wọ erékùṣù kan, ó pa odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ọta ìbọn tiwọn kò mọ ojúlé rẹ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ti wò ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ọmọ Ìyerú Ọ̀kín ni wá, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Kò sí ẹni tó lè ti òde wá kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ìjà.

2. Ṣùgbọ́n irú àkíṣọ̀n wo ni ẹ ń gbé jáde?

Nídìí ìjàkadì, ẹ̀yìn tó bá kanlẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń wò. Ọmọdé rí i, àgbà rí i, àríyànjiyàn tán. Jackie Chan mọ èyí. Nínú Police Story, ọdún 1985 kan náà, ó fò mọ́ òpó kan tí wọ́n fi gílóòbù wé nínú ilé ìtajà ńlá, ó yọ́ láti òkè wá sílẹ̀, gílóòbù ń fọ́ yángá lábẹ́ rẹ̀, kámẹ́rà sì dúró kí ojú wa lè jẹ́rìí pé òun ni. Bí fíìmù rẹ̀ bá parí, ó tún máa ń fi àwọn ibi tó ti ṣìṣe tó ti ṣubú hàn wá. Nígbà tí wọ́n ń ya Armour of God ní Yugoslavia, ó já bọ́ láti orí igi, orí rẹ̀ là, díẹ̀ ló kù kó kú. Ẹni tó ṣe irú èyí kò yá ojú wa lò lásán.

Èyí tí ẹ gbé jáde lálẹ́ Àbámẹ́ta ìjẹta ńkọ́? Kí ojú tó mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ́ ti wá, wọ́n ti gé e. Kí a tó rí ẹni tí ó bà, kámẹ́rà ti ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ariwo nìkan ló ń sọ fún wa pé ìjà ń lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi bi mí pé ta ló ṣubú. Mo ní kó fara balẹ̀, ẹni tó bá dìde la ó máa bá lọ.

Èyí tó dára wà lóde òní, kì í ṣe pé kò sí. George Miller ṣe Mad Max: Fury Road lọ́dún 2015. Ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ padà, ó parí. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò tó nǹkan. Ìyá mi tí gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò kọjá "gúùdù mọ́nì" wò ó ní gbọ̀ngàn yín yìí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó rò ó fún alábàágbé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi táyà kan sílẹ̀. John Wick náà, ti ọdún 2014: Chad Stahelski tó darí rẹ̀ ni ẹni tó ń gba ìyà dípò Keanu Reeves, áktọ̀ rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń ya The Matrix. Ẹni tó ti fẹ̀yìn balẹ̀ rí ló mọ bí wọ́n ṣe ń ya ẹni tó ń fẹ̀yìn balẹ̀. Ẹ kó irú ìwọ̀nyí wá lálẹ́ Àbámẹ́ta, iwájú ni màá jókòó sí.

3. Bàbá tó bí àkíṣọ̀n wà lára àwọn tí ẹ lé jáde.

Akira Kurosawa ará Jàpáàn ló ṣe Seven Samurai lọ́dún 1954. Dúdú àti funfun ni, ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Ọjọ́rú méjì la fi wò ó. Àwọn àgbẹ̀ kan wà tí olè ń kó ìkórè wọn. Wọ́n lọ wá jagunjagun tí yóò gbà wọ́n. Owó ò sí. Ìrẹsì ni wọ́n fi bẹ̀ wọ́n, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ń jẹ jéró kí ìrẹsì lè tó àlejò. Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀, ibo ni oorun fẹ́ gbà wọlé níbẹ̀? Lọ́dún 1960, Amẹ́ríkà fi ẹṣin àti akẹtẹ̀ tún fíìmù náà ṣe, wọ́n sọ ọ́ ní The Magnificent Seven. Òmíràn tí Kurosawa ṣe lọ́dún 1961, Yojimbo, òun ni Sergio Leone ará Ítálì sọ di A Fistful of Dollars lọ́dún 1964, tí Clint Eastwood fi di gbajúmọ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá rí fíìmù tí ọ̀gá kan ti ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń ṣa akọni jọ lọ́kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ tó lè pa wọ́n, ilé Kurosawa ni wọ́n ti lọ yáná.

Òfin mi já lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Áktọ̀ kú. Mẹ́rin kú nínú àwọn méje, kò sì sí ẹyọ kan tí idà pa nínú wọn. Ìbọn ló pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó mọ idà lò jù, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀, tí a ti fọkàn tẹ̀ láti Ọjọ́rú àkọ́kọ́, ìbọn ọ̀ọ́kán ló gbé e. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Fọ́kánáísà kan tó wà lẹ́yìn mi, ẹni tí mo mọ̀ pé kì í wá bí kì í bá ṣe ọjọ́ bọ́ọ̀lù, ní, "Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n mà ti pa á." Kò pariwo. Bí ẹni tó gbọ́ òfò ló ṣe sọ ọ́. Nígbà tó parí, àwọn àgbẹ̀ ń kọrin gbin ìrẹsì, àwọn jagunjagun tó kù dúró ti sàréè, olórí wọn ní àwọn àgbẹ̀ ló ṣẹ́gun, kì í ṣe àwọn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ilé, mi ò wọ kẹ̀kẹ́ márúwá. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀.

4. Ẹ ní àwọn èèyàn kò lè ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí. Ousmane Sembène, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, ru ẹrù ní èbúté Marseille nílẹ̀ Faransé kó tó di òǹkọ̀wé. Ìwé rẹ̀ ń tà. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn tí òun ń kọ ọ́ nítorí wọn ni kò mọ̀wé kà. Ìdí nìyẹn tó fi bọ́ sídìí kámẹ́rà. Àìmọ̀wékà ló bí fíìmù rẹ̀. Àìmọ̀wékà lẹ̀yin wá fi lé e jáde.

Mandabi tó ṣe lọ́dún 1968, èdè Wolof ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ọkùnrin oníyàwó méjì kan, Ibrahima Dieng, kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ ìyekan rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ ìgboro ní Paris fi 25,000 fráǹkì ránṣẹ́ sí i ní pósí ọ́fíìsì. Ó lọ gbà á, wọ́n ní káàdì ìdánimọ̀ ńkọ́? Ó lọ sídìí káàdì, wọ́n ní ìwé ọjọ́ ìbí ńkọ́, fọ́tò ńkọ́, sítáǹpù ńkọ́? Àwọn ará àdúgbò ti gbọ́ òórùn owó, wọ́n ti ń wá yá èyí tí kò tíì dọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sán ń pọ́n, agbádá rẹ̀ ń dọ̀tí, orí tábìlì kan ń ju ú sí orí tábìlì kejì. Ìbátan kan tó kàwé ló wá bá a gba owó náà, ó sì jẹ ẹ́ gbé.

Ta ni kò mọ Dieng ní Ọ̀fà? Gbogbo ẹni tó ti tò láti aago márùn-ún ìdájí nítorí NIN mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n sọ fún ní báǹkì pé lẹ́tà kan nínú orúkọ rẹ̀ kò bá ti BVN mu mọ̀ ọ́n. Ìyá alákàrà kan tí kò wọ kíláàsì rí jókòó tì mí. Akọ̀wé inú fíìmù kò tíì lanu tí ìyá náà fi pariwo pé, "Á ní kó padà wá lọ́la!" Akọ̀wé sì sọ bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín débi pé a ò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ mọ́. Ìyá náà ò ka ìlà kan. Ojú èèyàn ló kà.

Àwọn ọmọ wa tó lọ sílé ìwé ńkọ́? Squid Game, eré àtìgbàdégbà ti Kòríà, jáde lọ́dún 2021, apá mẹ́sàn-án lákọ̀ọ́kọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi méjì wò ó ní èdè Kòríà lórí fóònù tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n ka gbogbo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ pátá, wọ́n tún ń fi eré iná pupa iná gíríìnì dí mi lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n tó wá dé ọ̀dọ̀ yín, níbi tí lẹ́tà ti tó gọ̀ǹgọ̀, ojú wọn á wá fọ́?

5. Bí ẹ bá sì ṣàánú àwọn tí kò lè kà lóòótọ́, ẹ yan ògbufọ̀.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Láyé ìgbà tí fíìmù kò ní ohùn, Jàpáàn ní àwọn benshi, ẹni tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, tó ń ṣe ohùn gbogbo èèyàn inú fíìmù. Àwọn kan ń wá nítorí benshi ju fíìmù lọ. Ní Ùgáńdà títí di òní, wọ́n ní àwọn tí wọ́n ń pè ní VJ tó ń túmọ̀ fíìmù òyìnbó sí Luganda bó ṣe ń lọ, tí wọ́n ń fi àwàdà bù ú.

Kí ni mo ń lọ jìnnà sí? Bọ̀dá mi ṣe é nílé fídíò ẹ̀bá reluwé. Fíìmù Ṣáínà tí kò ní ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kankan, bọ̀dá mi á dìde, á máa túmọ̀: "Ó ní ọ̀gá òun ni ẹ pa. Ó ní òun á kọ́ kọngfú ọ̀pẹ̀lẹ̀ ọdún mẹ́ta." Gbogbo wa gbà á gbọ́. Ó tó ogún ọdún kí n tó bi í pé ibo ló ti kọ́ èdè Ṣáínà. Ó ní òun ò gbọ́ ẹyọ kan rí, ẹnu áktọ̀ ni òun ń wò. Mo ti rí àwọn fíìmù yẹn báyìí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Ti bọ̀dá mi dára jù.

Àwọn ọmọ Pólì kún ìlú yìí. Ẹ fún ọ̀kan ní maíkì.

6. Oorun.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí tó ń sùn lálẹ́ Ọjọ́rú. Ọmọ ìgbìmọ̀ ni, mi ò ní dárúkọ. Mo tún rí i níbi tó ti ń sùn nígbà tí wọ́n ń gba bọ́ọ̀lù, àwọ̀n mì, kò jí. Oko ló ti dé, Ọlọ́run á fún un lókun.

Pé nǹkan kan dúró jẹ́ẹ́ kò sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Èsìẹ́ kò jìnnà sí wa. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún wà níbẹ̀, tìtorí wọn ni wọ́n ṣe kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà síbẹ̀ lọ́dún 1945. Ère kan ò ja kọngfú. Àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ wá wò wọ́n. Èmi náà lọ, mo dúró níwájú obìnrin olókùúta kan títí ẹni tó ń mú wa kiri fi pè mí ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí mo ṣe jókòó nìyẹn lálẹ́ tí a wo Bicycle Thieves, èyí tí Vittorio De Sica ṣe ní Ítálì lọ́dún 1948. Bàbá kan ríṣẹ́ tó gba kẹ̀kẹ́, olè gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun àti ọmọ rẹ̀ ń wá a kiri ìlú. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni ọkùnrin tó ṣe bàbá náà, kò ṣe fíìmù rí. Ọlọ́kadà kan tí wọ́n gba ọ̀kadà rẹ̀ lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ wà láàárín wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sùn o. Ó jáde kó tó parí, ó ní òun ń bọ̀, kò padà wọlé.

7. Ti orí tẹlifíṣọ̀n.

Ìwé yín kò mẹ́nu kan eré àtìgbàdégbà ti ọ̀sán Àìkú, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé òun ló kàn, torí pé ó ń jẹ́ kí àwọn obìnrin pẹ́ dé ìdí ààrò. Níbí, mo gbà fún yín díẹ̀. Ti Índíà tí Zee World ń gbé, wọ́n á la ilẹ̀kùn, ìyá ọkọ á wọlé, àrá á sán, wọ́n á fi ojú rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á fi ojú ìyàwó hàn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á fi ti ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò mọ nǹkan kan hàn, ọjọ́ náà lọ. Mo ti rán ìró àti bùbá tán kí obìnrin kan tó dáhùn "Ta ni bàbá ọmọ yìí?" Kò burú bí ẹ bá dín in kù.

Ẹ má fọwọ́ kan ti Kòríà. Jumong gùn, apá 81 ni, ṣùgbọ́n ó ń lọ sí ibì kan: ọmọ aláìmọ̀kan kan di ẹni tó dá ìlú sílẹ̀, ẹ ó sì rí gbogbo ìgbésẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń bú wa pé a ń wo eré obìnrin, ẹ̀yìn fèrèsé ni wọ́n ti wo ti Jumong. Mo rí ẹsẹ̀ wọn.

8. Ọmọ Agbamu.

Àwọn sinimá Yorùbá àtijọ́ ni ó dùn mí jù nínú ohun tí ẹ fagi lé. Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ọmọ Agbamu ni, ní Ìrẹ́pọ̀dùn níbí. Òun àti Ọlá Balógun ló gbé Àjàní Ògún jáde lọ́dún 1976, ó tún ṣe Kádàrá lọ́dún 1980. Ọdún 1996 ló kú. Ọmọ rẹ̀, Kúnlé Afọláyan, ló ṣe Aníkúlápó tí àwọn ọmọ yín ń wò lórí Netflix lọ́dún 2022, tí wọ́n rò pé ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Ọmọ Pólì wa ti rí Àjàní Ògún. Ó kù díẹ̀ kó gbé e jáde nígbà tí ìwé yín dé.

9. Ohùn ìbọn.

Mo fẹ́ kí ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báǹkì ìlú yìí. Wọ́n pa ọlọ́pàá, wọ́n pa ará ìlú. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Abẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo wà, èmi pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì àti obìnrin kan tó wá wọn ara rẹ̀ fún aṣọ ìgbéyàwó. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé fíìmù ló kọ́ wọn lólè. Olè ti wà kí Bruce Lee tó dáyé. Èmi gan-an ṣì ń wo fíìmù ìbọn, ó sì ń dùn mọ́ mi. Sípíkà yín ni mo ń sọ. Ẹ kọjú méjì sí ojú títì láti fi pe oníbàárà, ẹ ń yí i sókè títí di aago méjìlá òru. Ẹni tó sanwó wọlé mọ̀ pé fíìmù ni. Ìyá mi tó wà lórí ibùsùn nílé kẹta kò rí aṣọ funfun, ìbọn nìkan ló ń gbọ́. Lálẹ́ Àbámẹ́ta ìjẹta, mo bá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀, ó di ìlẹ̀kẹ̀ tẹ́sùbáà rẹ̀ mú. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ yín, ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ ní ìbọn ló ń mú àkíṣọ̀n dùn. Bẹ́ẹ̀ ni o, nínú ilé.

10. Owó.

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Igba náírà ni à ń san lálẹ́ Ọjọ́rú. Bí a bá jẹ́ ogójì, tí a sì máa ń tó bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn kì í mu epo ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ láàárín wákàtí mẹ́ta, àfi bí ó bá ní ẹlòmíràn tó ń bá a mu ún. Kò mówó wọlé bí ti bọ́ọ̀lù, mo gbà. Àmọ́ gbọ̀ngàn yìí kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ẹnì kankan. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ló dá owó tí a fi kan páànù rẹ̀, rìsíìtì tèmi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀.

Ohun tí mo ń bèèrè fún nìyí. Ẹ yọ ìwé yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn. Ẹ dá alẹ́ Ọjọ́rú padà; bí gbogbo ọ̀sẹ̀ bá pọ̀ jù fún yín, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù tó wa. Ẹ gba ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ ni bọ̀dá mi ní òun á kọ́kọ́ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó sọ pé òun gbọ́ èdè Jàpáàn. Ẹ yí sípíkà méjèèjì sínú lónìí, ẹ má dúró de ìpàdé kankan. Bí ó bá ti di aago mẹ́sàn-án, ẹ rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìpàdé ará àdúgbò, kí ẹ bi wá ohun tí a fẹ́ wò, kí ẹ tó sọ fún wa ohun tí a fẹ́.

Ó ku ẹyọ kan. Àwọn tuntun nínú yín lè má mọ̀ pé aṣọ funfun tí ẹ̀rọ ń ta àwòrán sí lára, èmi ni mo rán an. Àwẹ́ mẹ́rin ni mo so pọ̀, mo fi ìrán pẹlẹbẹ mú un kí ojú ìrán má bàa hàn lójú áktọ̀. Mi ò gba owó iṣẹ́, owó aṣọ nìkan ni mo gbà. Mi ò kábàámọ̀.

Lálẹ́ Ọjọ́rú tó ń bọ̀, lẹ́yìn Ìṣáì, màá wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìyá mi, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ìyá alákàrà, ọmọ Pólì, àti Àjàní Ògún. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, a ó san igba náírà wa, a ó wọlé jókòó. Bí ẹ bá tì í pa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú aṣọ náà, ẹ ká a dáadáa, kí ẹ fún ọmọ iṣẹ́ mi. Ògiri ṣọ́ọ̀bù mi gùn.

Èmi ni,
Ìyá Télọ̀,
Ọ̀nà Owódé, Ọ̀fà.